Mọ́dàbọ́ọ̀dù Tí Roqeebah Mú

Jakande Estate, Ìsọlọ̀, Èkó
Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún, 2025

Rùfáì,

Àsàlámù àlékùm. Mo jí ire. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí, òjò sì ti sọ ọ̀nà Òkòta di odò. Kí ìyàwó rẹ, kí Zakariyah ọmọ rẹ. Roqeebah àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ ọ́ bó ṣe máa ń ṣe. O ní kí n máa pè ọ́ lórí fóònù. Mi ò ní pè. Orí àkàbà ni mo wà níbi iṣẹ́ nígbà tí wọ́n fi fóònù sọ ikú ìyá yín fún mi. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti fóònù ti pín gaàrí. Ohun tí mo bá ní í sọ, màá sọ ọ́, Roqeebah á kọ ọ́ sínú ìwé, á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Tí tìrẹ bá dé, á kà á fún mi.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí ìyá yín ti ń ta ìkòkò ló délẹ̀ yìí. O ní kí n fún Sirajudeen ọ̀rẹ́ rẹ kó máa ta fóònù níbẹ̀. Mo gbọ́. Ìwọ lo ń san owó ibẹ̀ láti ìgbà tí Ìsíátù ìyá yín ti kú, nítorí náà mi ò ní sọ pé o ò lẹ́nu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Roqeebah náà fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ máa to kọ̀ǹpútà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbá géèmù. Orí tábìlì tí a fi ń jẹun ló ti ń ṣe é báyìí. Mo ti jókòó lé irin tó fi ń tú kọ̀ǹpútà rí, ó sì gún mi.

O mọ̀ mí. Mi ò kàwé. Bíríkìlà ni mí, ògiri tí mo bá fojú rí ni mo ń gbà gbọ́. Mo ti ń wo ọmọbìnrin yìí láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì ń sọ fún ọ pé ó mọṣẹ́. Ó dáwọ́ kíkọ dúró báyìí, ó ní ojú ń ti òun. Mo ní kó kọ ọ́, èmi ni mo ni ẹnu mi. Ó ti kọ ọ́.

Gbọ́ ohun tí mo sọ. Ọ̀gbẹ́ni Tẹjúmọ́lá kan ní Èjìgbò fẹ́ ṣí ilé géèmù. Ó ní kí Roqeebah to kọ̀ǹpútà kan fún òun ná. Bó bá dáa, Roqeebah ló máa to gbogbo ìyókù. Bí kọ̀ǹpútà yẹn bá tàn lójú mi, tó sì ṣiṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù di ti Roqeebah. Bí kò bá tàn, kí Sirajudeen wá gbà á. Fèsì kí n mọ̀ bóyá o gbà.

Èmi ni,
Bàbá yín.


Winnipeg, Kánádà
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, 2025

Bàbá mi,

Wà àlékùm sàlám. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín. Ẹ kú òjò, ẹ kú orúnkún. Ìyàwó mi àti Zakariyah ní kí n kí yín. Òtútù ti lọ níbí, a ti ń wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jáde.

Bàbá, mo gbà. Bó bá tàn lójú yín, ó di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ Íńdíà kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbi ìkẹ́rùsí, kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ó ní nínú gbogbo ẹ̀yà tí wọ́n ń rà, èyí tí wọ́n ń pè ní mọ́dàbọ́ọ̀dù ni kéèyàn ṣọ́ra fún jù, nítorí òun ló so gbogbo ìyókù pọ̀. Ẹni tó bá ra èyí tí kò dáa, ó ti ba ohun gbogbo jẹ́. Roqeebah sì rèé, láti kékeré, ohun tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ ló máa ń rà. Kó ra èyí tó wọ́n jù, kí ọkàn wa balẹ̀.

Ẹ má bínú sí ìbéèrè tí mo fẹ́ bi yín yìí. Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ pé ó mọṣẹ́, àbí òun ló fi kún un? Ọwọ́ rẹ̀ ni bírò wà.

Sirajudeen ti ṣe tán. Ó ní òun á kun ṣọ́ọ̀bù náà, òun á sì gbé orúkọ Màámi sí ojú rẹ̀. Bàbá, mi ò ráàyè wá sí ìsìnkú wọn. Mo fẹ́ kí nǹkan wọn kan wà tó dáa nílẹ̀ yẹn.

Ọmọ yín,
Rùfáì.


Ìsọlọ̀
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, 2025

Rùfáì,

Àsàlámù àlékùm. A ṣe Iléyá, a jẹ ẹran, ó tán. Ìbéèrè rẹ dùn mí. Mo ní kí Roqeebah kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó kà á, kò gbójú sókè. Ó ní ó ti pẹ́ tí Bọ̀dá òun ti kúrò nílé ni. Èmi ń sọ fún ọ pé ẹnu mi lọ̀rọ̀ náà ti jáde. Bó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ ló ń yìn, ṣé yóò kọ ọ́ pé ọbẹ̀ tó sè lánàá kò níyọ̀? Kò níyọ̀. Kọ ọ́, Roqeebah.

Mo tẹ̀ lé e lọ sí Òṣòdì, sí ṣọ́ọ̀bù Adémidé tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Ibẹ̀ kò fẹ̀ ju ibi tí ewúrẹ́ méjì lè dùbúlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n páálí kún un dé àjà. Adémidé kó mọ́dàbọ́ọ̀dù mẹ́ta sílẹ̀. Rùfáì, pátákó pẹlẹbẹ ni. Ó dà bí ìgbà tí mo bá wà lórí ilé gíga tí mo ń wo Òkòta nísàlẹ̀: títì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, òrùlé kéékèèké. Gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, orí rẹ̀ ló ń jókòó sí. Mo ní ìpìlẹ̀ nìyí nígbà náà. Roqeebah ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àkọ́kọ́ wọ́n bí ojú. Bí wọ́n bá tan iná sí i, á máa pọ́n, á máa yí padà bí ọ̀gà. Adémidé gbé e sún mọ́ wa, ó ní, "Àǹtí, ẹ mú èyí tó ń tàn. Àwọn tó ń gbá géèmù, iná ni wọ́n ń rà."

Roqeebah ní, "Abẹ́ tábìlì ló máa wà. Ta ló máa bẹ̀rẹ̀ wò ó? Iná kì í sáré, bọ̀dá. Ọpọlọ ló ń sáré."

Adémidé rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀ pé lọ́yà ni òun ń tajà fún.

Ọpọlọ tó wí yìí, ẹ̀yà kékeré kan ni, kò tó bísíkíìtì, òun ló ń ronú fún kọ̀ǹpútà. Ó ti wà lọ́wọ́ wa. Roqeebah ṣàlàyé rẹ̀ fún mi pé ilé-iṣẹ́ méjì ló ń ṣe é, pátákó tó bá gba ti ọ̀kan kì í gba ti èkejì.

Ó mú pátákó kejì, èyí tí owó rẹ̀ wálẹ̀ jù. Ó yí i sẹ́yìn, ó yí i síwájú, ó gbé e kalẹ̀. Ó ní kò ní àwọn irin tó ń gba ooru lára ibi tí iná ń gbà kọjá. Èjìgbò gbóná, ilé ọkùnrin náà kò sì ní ẹ̀rọ amúlétutù. Bí wọ́n bá ń gbá géèmù lórí rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, ooru á mú pátákó náà, kò ní jẹ́ kí ọpọlọ sáré, lọ́jọ́ kan á sì jó. O rí i pé kì í ṣe ohun tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ ló máa ń rà.

Ẹ̀kẹta ló wá gbé sókè. B550 ni Adémidé pè é. Roqeebah tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ó yẹ ibi tí ọpọlọ máa jókòó sí wò, ihò rẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ó ń wá bóyá nǹkan dí ọ̀kan. Ó fọwọ́ kan àwọn irin ooru. Ó fi hàn mí pé àyè mẹ́rin ló wà fún ràámù, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, méjì la máa lò báyìí, méjì á ṣófo de ọjọ́ iwájú. Ó ní bí Ọ̀gbẹ́ni Tẹjúmọ́lá bá fẹ́ ọpọlọ tó le ju èyí lọ, ìjókòó yìí náà á gbà á, kò ní tú ohunkóhun ká.

Rùfáì, mo ti ṣe ìpìlẹ̀ ilé tó pọ̀ láyé mi. Ẹni tó mọ̀ pé òun á gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé òun lọ́la, inú ilẹ̀ ló ń náwó sí, kì í ṣe ojú fèrèsé. Àwọn tó kàwé tó sì lówó ti bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé mo kọ́ ọ.

Ó wá nájà náà bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ná an. Kò pariwo, kò fajú ro. Ó rọra dá ọjà padà sílẹ̀, ó sì ń wo ibòmíràn. Mo yíjú sí títì.

Ohun kan ló kù tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Pátákó náà kéré. Èyí tó ń tàn yẹn fẹ̀ jù ú lọ. Mi ò sọ̀rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Tẹjúmọ́lá ní ojú òun ni wọ́n máa tò ó, kí ẹnikẹ́ni má fi ògbólógbòó pààrọ̀ tuntun fún òun. Nítorí náà a di gbogbo ẹrù náà sínú àpò kan, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó di ọjọ́ tí a bá dé Èjìgbò.

Bàbá yín.


Winnipeg
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀ẹ́ ṣe àmọ́dún. Mo ka lẹ́tà yín, inú mi dùn pé ẹ tẹ̀ lé e lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti ní pátákó náà kéré, ibẹ̀ ni ọkàn mi dúró sí. Mo bi ọmọ Íńdíà yẹn. Ó ní nígbà míràn ẹ̀ẹ́ rí èyí tó tóbi ní iye kan náà. Ó fẹ́ ṣàlàyé sí i, wọ́n pè wá síbi iṣẹ́.

Bàbá, ṣé kì í ṣe pé wọ́n rí i pé obìnrin ni, wọ́n wá fún un ní ààbọ̀? Ẹ̀yin lẹ ti pẹ́ láyé. Bí ààyè bá wà láti pààrọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, ẹ bá wa ṣe é. Mi ò fẹ́ kí ojú tì wá lójú Sirajudeen.

Rùfáì.


Ìsọlọ̀
Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje, 2025

Rùfáì, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀, mo kí ìyàwó rẹ àti Zakariyah. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín nílẹ̀ àjèjì, kó máa bá yín fọwọ́ sí iṣẹ́ yín.

A lọ sí Èjìgbò ní àná. Ó dùn mí láti sọ fún ọ pé kọ̀ǹpútà náà kò tàn. Nígbà tí wọ́n tú ẹrù lójú Ọ̀gbẹ́ni Tẹjúmọ́lá, mọ́dàbọ́ọ̀dù tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe irú tó ń gba ọpọlọ tí a rà. Ó tóbi, ti ilé-iṣẹ́ kejì sì ni.

Roqeebah ló ṣe àṣìṣe náà. Nígbà tó ka lẹ́tà rẹ pé èyí tó mú kéré, ó lọ pààrọ̀ rẹ̀ ní Òṣòdì, kò sì yẹ ìjókòó rẹ̀ wò bó ṣe yẹ. Ó ní kí n bá òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ.

Àdéhùn ni àdéhùn. Ohun tí o bá sọ nípa ṣọ́ọ̀bù náà ni a ó ṣe. Jọ̀wọ́, má bínú jù.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.


Winnipeg
Ọjọ́ ogún, oṣù keje, 2025
Nípasẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Babáṣọlá, aládùúgbò Bàbá mi

Bàbá mi,

Ẹ dákun, ẹ má bínú pé fóònù Ọ̀gbẹ́ni Babáṣọlá ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí. Ọ̀rọ̀ Roqeebah ló wà nínú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ kà á síta.

Mi ò tètè fèsì nítorí inú mi kò dùn. Bàbá, ó dára pé ẹ kò bò ó. Roqeebah ló pààrọ̀ pátákó, kò yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì dójú tì yín níwájú àlejò. Mi ò ní í bá a jà. Iṣẹ́ náà ga jù ú lọ ni. Kó wá iṣẹ́ tó rọrùn, màá ràn án lọ́wọ́.

Mo ti sọ fún Sirajudeen pé kó máa bọ̀ wá kun ṣọ́ọ̀bù náà níbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀. Àwọn ìkòkò àti abọ́ Màámi tó kù níbẹ̀, kí Roqeebah kó wọn wálé.

Ọmọ yín,
Rùfáì.


Ìsọlọ̀
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù keje, 2025

Rùfáì,

Ọ̀gbẹ́ni Babáṣọlá ló ń bá mi kọ èyí. Akọ̀wé kóòtù ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti fẹ́ tún ọ̀rọ̀ mi ṣe lẹ́ẹ̀kan, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe jáde.

Èmi ni mo pààrọ̀ pátákó náà. Kì í ṣe Roqeebah.

Nígbà tó ka lẹ́tà rẹ pé wọ́n fún un ní ààbọ̀, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo dúró títí ó fi jáde, mo tú àpò, mo gba Òṣòdì lọ. Mo ní kí Adémidé gba kékeré yìí, kó fún mi ní ńlá ní iye kan náà. Ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé Àǹtí mọ̀ sí i?" Mo ní, "Èmi ni mo bí Àǹtí." Kí ló tún fẹ́ sọ? Ó ń nawọ́ sí nǹkan kan lára pátákó náà, ó ń ṣàlàyé, mo ní kó dì í fún mi. Ó dì í. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, kò lè bá àgbàlagbà jiyàn. Mo gbé e wálé bí ẹni ra màlúù ní iye àgbò.

A dé Èjìgbò. Roqeebah tú àpò. Ó rí páálí ńlá. Ó wò ó, ó wò mí. Kí n tó la ẹnu, ó ti yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Tẹjúmọ́lá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo gbé èyí tí kì í ṣe é. Ẹ fún mi láyè díẹ̀." Ọkùnrin náà fọ̀rọ̀ gún un. Ó ní ìdí nìyí tí òun kì í fi í gbéṣẹ́ fún obìnrin. Èmi jókòó síbẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì tí òjò pa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní kó mú bírò. Mo sọ ohun gbogbo tí mo sọ fún ọ yìí. Ó kọ ọ́. Mo ní kó kà á fún mi, ó ka ọ̀rọ̀ mi bí mo ṣe sọ ọ́, kò fo ọ̀kan. Àṣé ohun tó wà nínú ìwé yàtọ̀. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Babáṣọlá ka lẹ́tà rẹ dé ibi tí o ní Roqeebah ló pààrọ̀ pátákó, mo ní kí wọ́n tún un kà. Mo mú ìwé tí Roqeebah kọ lẹ́tà mi sí jáde, mo ní kí wọ́n kà á fún mi. Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ. Ìgbà wo ni mo sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí?

Mo pe Roqeebah. Abọ́ ló ń fọ̀, ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí ló dé tó fi ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́, nítorí pé mi ò mọ̀wé?

Ó nu ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá, bí Bọ̀dá bá rò pé ẹ ti darúgbó débi pé ẹ kò mọ ohun tí ẹ̀ ń ṣe mọ́, wọ́n á gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ yín díẹ̀díẹ̀. Wọn ò ní í bi yín léèrè nǹkan mọ́. Èmi, mo ṣì lè to òmíràn."

Rùfáì, nígbà tí a sin ìyá yín, omi kò jáde lójú mi, àwọn èèyàn sì fi sọ̀rọ̀. Mo ní kí Roqeebah padà lọ fọ abọ́ rẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ kó wo ojú mi.

Mo ti bá a wí. Irọ́ ni irọ́ ń jẹ́, mo sì sọ fún un pé bó bá tún yí ọ̀rọ̀ mi padà, Ọ̀gbẹ́ni Babáṣọlá ni yóò máa kọ̀wé mi títí màá fi kú. Ṣùgbọ́n mi ò rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó ń wá lójú méjèèjì ni ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó sì gbé e sílẹ̀ kí orúkọ mi má bàa bàjẹ́ létí rẹ.

Èyí tó kù rèé. Lọ́jọ́ kejì tí mo bá a wí, ó padà sí Òṣòdì, mo tẹ̀ lé e. Kò fi ohùn líle bá Adémidé sọ̀rọ̀, Adémidé fúnra rẹ̀ ni kò lè wò ó lójú. Wọ́n ti ta pátákó tó mú níjọ́sí. Èyí tó kù tó bá ọpọlọ wa mu jẹ́ àgbà fún ọpọlọ náà, kò tíì mọ̀ ọ́n rí. Roqeebah ní kí Adémidé fi ọpọlọ àtijọ́ kan sí i ná, kí wọ́n ti ibẹ̀ kọ́ pátákó náà ní ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kó lè dá tiwa mọ̀ bó bá rí i. Ó dúró tì í títí ó fi ṣe é tán kó tó sanwó. Ó ní irin ooru, ó ní àyè ràámù mẹ́rin. Owó rẹ̀ tún wálẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

A padà sí Èjìgbò. Ó tò ó lójú Ọ̀gbẹ́ni Tẹjúmọ́lá, lójú mi. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ó tàn. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ títí a fi kírun Ìrọ̀lẹ́, àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ń làágùn bí èèyàn gidi. Mo gbé ọwọ́ lé ara rẹ̀, kò gbóná ju ara ọmọ tó ń sùn lọ. Ọkùnrin tó ń fọ̀rọ̀ gún un níjọ́sí náà gbé ọwọ́ lé e wò. Kó tó di pé a jáde, ó ní kó wá to gbogbo ìyókù.

Àdéhùn wa ni pé kó tàn lójú mi. Ó tàn lójú mi. Sọ fún Sirajudeen kó gbé ọ̀dà rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Bàbá yín.


Ìsọlọ̀
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹjọ, 2025

Rùfáì,

O dákẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Babáṣọlá ní o ti rí lẹ́tà mi, àmì rẹ̀ wà lórí fóònù wọn.

Sirajudeen wá ní àárọ̀ yìí pẹ̀lú ọ̀dà àti àkàbà. Ó ní ìwọ ò tíì sọ nǹkan kan fún òun. Mo gbé àpótí mi sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọjá." Mo ní kó gba orí mi kọjá bó bá lè gbà á. Ó kí mi, ó lọ. Ọmọ dáadáa ni, mi ò bá a jà. Màá tún jókòó síbẹ̀ lọ́la.

Bàbá yín.


Winnipeg
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹjọ, 2025

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo mọ̀ pé mo pẹ́. Mo jókòó láti kọ̀wé, mo fà á ya, mo tún jókòó. Ojú ń tì mí, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé kò rọrùn fún mi láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí Roqeebah sọ níbi abọ́ yẹn, òótọ́ ni. Bó bá ti jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ohun tó máa wá sí mi lọ́kàn nìyẹn gan-an. Mo bínú fún ọjọ́ bíi mélòó kan pé ó mọ̀ mí tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé èmi ni mo ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò sì ka ìyẹn sí mi lọ́rùn.

Mo ti bá Sirajudeen sọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ti di ti Roqeebah. Kó ṣe é bó ṣe fẹ́. Màámi ì bá fún un láìdán an wò.

Bàbá, Zakariyah ń dà mí láàmú pé òun fẹ́ kọ̀ǹpútà géèmù. Mo ti fẹ́ ra mọ́dàbọ́ọ̀dù kan fún un, ó tóbi, ó ń tàn bí ojú òfuurufú. Mo ti mú káàdì bánkì jáde, mo tún dá a padà. Ẹ bá mi bẹ àbúrò mi. Èyí tó bá ní kí n rà ni màá rà.

Ọmọ yín,
Rùfáì.


Òkòta, Ìsọlọ̀
Ọjọ́ keje, oṣù kẹsàn-án, 2025

Rùfáì,

Àsàlámù àlékùm. Roqeebah ló ń kọ èyí. Inú ṣọ́ọ̀bù la wà. Ó ti kọ tìrẹ sí ìwé ọ̀tọ̀, ó ní kó o má tíì ra ohunkóhun. Kí Zakariyah kọ́kọ́ sọ géèmù tó fẹ́ gbá àti bí yàrá rẹ̀ ṣe rí, ibẹ̀ ni òun ti máa bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó kàn dárúkọ pátákó kan kó parí. Ó ní àwọn tó ń dárúkọ pátákó kí wọ́n tó béèrè nǹkan ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ pọ̀ fún òun. Ṣé o gbọ́? Èmi náà gbọ́.

Láti ìgbà tí ìyá yín ti kú, mi ò wọ inú ṣọ́ọ̀bù yìí rí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, mo dúró síta, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Roqeebah kò fà mí. Ó wọlé, ó ń gbálẹ̀, ó ń nu àwọn ìkòkò, ó sì ń bi mí láti inú lọ́hùn-ún pé ibo ni kí òun gbé tábìlì sí tí ògiri kò ní rin ín. Ọ̀rọ̀ ògiri nìyẹn. Mo wọlé kí n lè fi hàn án. Ìgbà tí mo dé àárín rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé mo ti wọlé.

Kò kó ẹrù ìyá yín wálé. Ó tò wọ́n sí apá kan, ẹni tó bá fẹ́ ìkòkò, á rà á, ẹni tó bá fẹ́ kọ̀ǹpútà, á bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Tẹjúmọ́lá ti gba ti ilé géèmù rẹ̀ tán. Ó ti mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá.

Ní àárọ̀ yìí, Roqeebah tẹ orí ba lórí pátákó kan, mo jókòó sórí àpótí nítòsí ẹnu ọ̀nà. Obìnrin kan wọlé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni mo wá bá. Wọ́n ní oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó mọṣẹ́ wà níbí."

Mo nawọ́ sí ọmọ mi. Mo ní, "Òun nìyẹn. Èmi, mo wá wò ó ni."

Bàbá yín.